Ẹ Má Ta Òróró Sí Mọ́tò Ìje

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í sọ. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ kan kì í wá kan géètì mi ní Ugbor nílùú Bìní, pàápàá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Ekosodin, tí wọ́n á ní àwọn fẹ́ di awakọ̀ ìje. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, wọ́n á mu omi mi, wọ́n á sì bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Bàbá, báwo lẹ ṣe ń sáré tó nígbà yẹn?" Kò sí ẹni tó ń bi mí bí mo ṣe ń dúró. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró, kí ló fẹ́ fi eré ṣe?

Ọ̀kan wá lóṣù tó kọjá, ọmọ Ọ̀yọ́, ó wọ dígí dúdú. Ó ní òun ti ń gba ipò kìíní léraléra nínú géèmù mọ́tò orí kọ̀ǹpútà, pé ohun tó kù ò ju kí ẹnì kan gbé mọ́tò gidi lé òun lọ́wọ́. Mo ní ó dáa. Mo na sípánà sí i, mo ní kó bá mi tú nọ́ọ̀tì táyà kan. Ó ń dì í mọ́ra sí i ni. Ó ń làágùn, ó ń dì í, ó sì ń sọ fún mi pé nọ́ọ̀tì yẹn ti dípẹtà. Mo gba sípánà mi, mo sìn ín dé géètì.

N ó wá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan báyìí, kí ẹnu mi lè sinmi. Orúkọ mi ni Mùdàṣírù. Ọmọ Ìwó ni mí, Bìní ni mo ti lo gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi. Mo fi ìje mọ́tò jẹun títí irun orí mi fi re tán. Ohun tó sì jẹ́ kí n kọ ọ́ nísinsìnyí ni Mojí, ọmọ tí Ṣadé ọmọ mi bí. Òun náà ní iṣẹ́ yìí lòun máa ṣe. Ẹgbẹ́ kan tó ń fi mọ́tò ìje sáré kiri ilẹ̀ Áfíríkà ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ wá mú awakọ̀ kan ṣoṣo ní Bìní, kí àwọn gbà á síṣẹ́. Bí wọn ò bá mú Mojí, ọ̀nà ti dí nìyẹn, nítorí kò sí ẹni tó lè ra irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ nínú ìdílé wa. Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè mọ ìdí tí n kì í fẹ́ rí ìgò òróró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló mú mi wá sí Bìní. Aṣọ ló ń tà ní New Benin, ó sì rò pé n ó máa bá òun tà á. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá ti kọjá, n ó fi oníbàárà sílẹ̀, n ó máa wo ẹ̀yìn mọ́tò. Nígbà tó sú u, ó fà mí lọ sí ọgbà mẹkáníìkì Ọ̀gá Osagie, ó ní, "Ẹ gbà á, kí ojú ẹ̀ lè là." Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ nìyẹn, kò sí àlàyé púpọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀gá Osagie, ọmọ Bìní gan-an ni, ó ga, ohùn rẹ̀ kì í sì í lọ sókè. Láàárín ọ̀sẹ̀, mẹkáníìkì ni. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, òun ló ń wa mọ́tò ìje fún olóyè kan tó ń ta gẹdú. Àwọn tó ń bá a sáré pọ̀: dókítà wà ńbẹ̀, lọ́yà wà ńbẹ̀, òyìnbó tó ń gé gẹdú náà wà ńbẹ̀. Fàájì ni gbogbo wọn ń ṣe. Ọ̀gá mi nìkan ni wọ́n ń sanwó fún. Mo bi í lọ́jọ́ kan ohun tó jẹ́ kí wọ́n máa sanwó fún un, nígbà tó jẹ́ pé dókítà máa ń yá jù ú lọ nígbà mìíràn. Píjin ló fi dá mi lóhùn: "Doctor dey drive him own motor. Me, na another man motor I dey drive. I must carry am reach house."

Gbogbo ẹ̀kọ́ tí ẹ ń wá sílé mi nìyẹn. Ẹni tó ń fi mọ́tò ara rẹ̀ ṣeré, bó bá wù ú, kó lọ gbá a mọ́gi. Ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́, mọ́tò olówó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ sáré, kó gbé e délé lódindi, kó sì lè sọ ohun tó ń ṣe é fún àwọn tó máa tún un ṣe. Mo ti sọ eléyìí fún àwọn ọmọ Ekosodin títí ètè mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, wọ́n á kàn mi orí, wọ́n á tún bi mí bí mo ṣe sáré tó.

Èmi náà rò pé wíwà á ti yá. Ọ̀gá gbé abọ́ pẹtiróòlù fún mi pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, ó ní kí n máa fọ irin. Mo fọ irin títí awọ ọwọ́ mi fi ń ṣí. Bó bá rí ìdọ̀tí bín-ín-tín nínú kábúrétọ̀ tí mo fọ̀, kò ní bú mi, kò ní nà mí. Á kàn da gbogbo ohun tí mo ti fọ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, sínú iyanrìn, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ká ní ó nà mí ni, ì bá sàn.

Èyí tó burú jù ni ti ẹsẹ̀ lásán. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ ìje, Ọ̀gá á bọ́ bàtà, á ká ṣòkòtò, á rin gbogbo ojú ọ̀nà ìje láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èmi náà gbọ́dọ̀ bọ́ tèmi kí n tẹ̀ lé e. Tó bá dé kọ́nà kan, á dúró, á ní kí n sọ ohun tí ẹsẹ̀ mi gbọ́. Níbo ni iyanrìn ti pọ̀? Níbo ni ọ̀dà ti ń yọ̀? Níbo ni ilẹ̀ ti tẹ̀ sí òsì? Àwọn òyìnbó á máa rẹ́rìn-ín wa. Lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú, ọ̀dà ń jó mi, mo yọ sílípáàsì láti àpò mi, mo wọ̀ ọ́. N ò tíì rìn jìnnà tí Ọ̀gá fi wẹ̀yìn. Ó na ọwọ́ sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀, mo sì padà lọ bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó ṣe, ó mú mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú mọ́tò. Ó kọ́ mi pé kọ́nà tí mo wà nínú rẹ̀ ti kọjá, pé lára èyí tó ń bọ̀ ni kí ojú mi wà. Mo ní àwa Yorùbá máa ń sọ ọ́ pé igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèrè la ti ń wò ó. Ó ní kí n tún un sọ. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti ń súnmọ́ kọ́nà, á kàn pariwo "Gogoro!" lórí mi, nínú ariwo ẹ́ńjìnnì.

Ìje tèmi àkọ́kọ́, inú mọ́tò ògbólógbòó kan tí àwa ọmọṣẹ́ tún ṣe fúnra wa ni. Ẹ̀yìn gbogbo wọn ni mo wà. Ojú tì mí débi pé n ò fẹ́ jáde nínú mọ́tò. Ọ̀gá wá, ó fi ọwọ́ kan táyà, ó fi ọwọ́ kan búréèkì, ó wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ó ní mọ́tò yìí ṣì lè sáré lọ́la. Lọ́dún kejì, olóyè tó ń ta gẹdú ra mọ́tò ìje tuntun, pupa, onílẹ̀kùn méjì, tó rẹlẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ní kí Ọ̀gá mú ẹni tó máa wà á. Ọ̀gá ní èmi ni.

Ibẹ̀ ni òróró ti wọ̀ ọ́.

Mo ti fẹ́ ìyàwó nígbà náà. Fẹ̀hìntọ́lá lorúkọ rẹ̀, ọmọ Òṣogbo, oyún Ṣadé sì wà nínú rẹ̀. Mùsùlùmí lèmi, onígbàgbọ́ lòun, a kì í bá ara wa jà sí i. Ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Yorùbá kan wà ní New Benin tó ń lọ. Nígbà tó gbọ́ pé n ó wa mọ́tò tó ń sáré tó bẹ́ẹ̀, oorun dá lójú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ ìje, bí mo ṣe bọ́ bàtà tí mo ń rìn lọ sí kọ́nà tó jìnnà jù, ó mú Bàbá Díkínì àti àwọn ìyá ìjọ wá síbi tí mọ́tò dúró sí. Ọ̀gá ti lọ bá olóyè. Bàbá Díkínì ṣí ìgò òróró àdúrà. Ó ta á sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ta á sí ìjókòó, ó fi pa sítíárìn yíká. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó da èyí tó kù sórí àwọn ibi tí mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ó sì ń gbàdúrà lóhùn rara pé, "Ẹsẹ̀ Mùdà kò ní yọ̀!" Gbogbo wọn ní, "Kò ní yọ̀!" Ìyàwó mi ló sọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni pé mo yẹ kí n dúpẹ́.

Nígbà tí mo wọlé sínú mọ́tò, nǹkan kan ń rùn dídùn. Mo rò pé lọ́fínńdà olóyè ni. Ọwọ́ mi ń yọ̀ lórí sítíárìn, mo nù ún mọ́ ṣòkòtò, mo rò pé òógùn ni. Wọ́n ju àsíá, a gbéra. Kọ́nà àkọ́kọ́ ò fẹ́ búréèkì púpọ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e náà kò fẹ́. Ìgbà tí mo dé kọ́nà ńlá, mo gbé ẹsẹ̀ lé búréèkì tagbáratagbára, ẹsẹ̀ mi sì yọ̀ bí ìgbà tí èèyàn tẹ ilá mọ́lẹ̀. Kí n tó gbé e padà, mọ́tò ti gun òkìtì ilẹ̀ pupa, ó ti dojú dé. Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún kán. Mọ́tò olóyè di àkísà.

Ohun tó dùn mí jù kò tíì dé. Mo wà lórí ibùsùn, wọ́n ti di ẹsẹ̀ mi, àwọn ará ìjọ wá kí mi. Bàbá Díkínì dúró síbi ẹsẹ̀ mi, ó wò mí tìfẹ́tìfẹ́, ó ní, "Mùdà, o rí i? Ká ní a ò ta òróró yẹn ni, òkú rẹ là bá gbé." Gbogbo wọn ṣe àmín. Ìyàwó mi náà ṣe àmín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ tó kán dìde. Mo ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé búréèkì, mo ṣàlàyé rọ́bà, mo ṣàlàyé ìsàlẹ̀ bàtà. Wọ́n ní kí n sinmi, pé ìrora ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èsì wo lèèyàn fẹ́ fọ̀ sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ọ̀gá Osagie ni kò sọ ìsọkúsọ. Ó ti lọ fi ọwọ́ kan ibi búréèkì, ó ti gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀. Òun ló bá olóyè sọ̀rọ̀ títí olóyè fi rọ̀. Ìgbà tí mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, ó gbé mi sínú mọ́tò mìíràn, ó sì ṣe òfin kan: bí awakọ̀ bá ti lọ rìn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan mọ́tò, ì báà ṣe ọba. Mo sáré lábẹ́ òfin yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní ìlú mi àti ní ìlú onílùú, n ò sì tún dojú mọ́tò dé mọ́. Fẹ̀hìntọ́lá kò tún gbé òróró wá, ṣùgbọ́n títí ó fi kú, ó gbà pé òróró ló gbà mí là. A jiyàn rẹ̀ lórí oúnjẹ, a jiyàn rẹ̀ lórí ibùsùn. Ní báyìí tí kò sí mọ́, n ì bá fún un ní ohunkóhun kó tún wá jiyàn rẹ̀ pẹ̀lú mi.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Láyé tiwa, bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣàìsàn, a ó fi ẹnu irin tẹ́ẹ́rẹ́ kàn án, a ó fi ìdí rẹ̀ sétí, a ó mọ ibi tó ń dùn ún. Kábúrétọ̀ ti lọ. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń so mọ́ mọ́tò báyìí, yóò sì sọ ohun gbogbo. Mo bínú sí i púpọ̀, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n àlejò tó bá ti di onílé, a máa ń bá a gbé ni. Mojí gan-an, orí kọ̀ǹpútà ló ti kọ́kọ́ mọ ibi tó yẹ kí mọ́tò gbà nínú kọ́nà. Mo kàn sọ fún un pé kọ̀ǹpútà kì í sọ fún èèyàn pé ẹnì kan ti da òróró síbẹ̀.

Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ó fọ irin. Ó tú táyà, ó dì í. Ó fi mọ́tò kékeré tí kò lórùlé díje pẹ̀lú àwọn ọmọdé, ó gba ẹ̀yìn, ó sunkún. Lẹ́yìn náà, ó bọ́ sínú mọ́tò gidi, ó ń parí ìje lẹ́yìn ìje, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń pẹ́ kó tó gba ipò. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Píjin ló fi ń dáhùn. Bí a bá ti bọ́ bàtà, á bẹ̀rẹ̀: "Grandpa, this ground dey burn me o! Nobody dey do this thing again."

"Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣubú. Kí lẹsẹ̀ rẹ gbọ́?"

"Sand. Plenty sand, for outside."

"Nítorí náà ńkọ́?"

"I go hold inside." Á sì máa kùn lọ.

Sátidé tí wọ́n fẹ́ yan awakọ̀ wá dé. Pápá ìje tuntun kan lẹ́yìn ìlú ni. Ẹgbẹ́ náà gbé mọ́tò ìje funfun kan wá, ó rẹlẹ̀ bíi ti olóyè ọjọ́sí, wọ́n sì ní olúkúlùkù máa wà á yípo. Ọ̀gá wọn, ọmọ Ghana kan báyìí tí kì í rẹ́rìn-ín, dúró, ó ká ọwọ́ mọ́yà. Àwọn tó kọ́kọ́ wà á yá gan-an. Ọ̀kan nínú wọn yá débi pé iyanrìn kọ́nà ńlá gbé e, ó ń yí bí òkòtó. Mojí ló kàn. Ó ti fi ẹsẹ̀ lásán rìn láàárọ̀, ó lọ wọ akoto rẹ̀. Mo wẹ̀yìn, mo rí Ṣadé ìyá rẹ̀ tó ń yọ́ bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Ìgò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tí ejò bá bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Èmi ò sá, mo sáré sí i ni, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń tiro.

"Ṣadé! Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Sítíárìn nìkan ni mo fẹ́ fi kàn. Díẹ̀ báyìí."

"Díẹ̀ yẹn náà ni ti ìyá rẹ!"

"Òróró yẹn ló jẹ́ kí ẹ ṣì wà láyé, Bàbá. Màmá sọ ọ́ fún mi kí wọ́n tó lọ."

"Òun ló kán mi lẹ́sẹ̀!"

Àwọn èèyàn ti ń wò wá. Ọ̀gá ọmọ Ghana náà ti ń wò wá. Mo mọ̀ pé bó bá rí ìdílé tó ń jà lórí mọ́tò rẹ̀, yóò ní kí Mojí máa lọ sílé. Mo fẹ́ gba ìgò náà tipátipá, ìgbà náà ni mo wo ojú Ṣadé. Ojú rẹ̀ rí bí ojú ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Bàbá, ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí," ó ní. "N ò lè kàn káwọ́ gbera kí n máa wò ó. A ti gbàdúrà sí òróró yìí, ó gbọ́dọ̀ kan nǹkan."

Kí ni ǹ bá ṣe? Mo ṣí fìlà. Mo tẹ orí apárí mi ba níwájú rẹ̀.

"Gbogbo ohun tí ọmọ yẹn mọ̀ nípa mọ́tò, inú orí yìí ló ti wá," mo ní. "Ibí ni kó o dà á sí. Má fi ọwọ́ kan mọ́tò."

Ó ṣí ìgò, ó dà á, ìkán kan ò sì ṣẹ́ kù. Ó ń gbàdúrà pé ẹsẹ̀ Mojí kò ní yọ̀, èmi ọmọ Mùsùlùmí Ìwó sì ń ṣe àmín kó lè tètè tán. Òróró ṣàn wọ ọrùn mi, ó ṣàn wọ ojú mi. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí Mojí wọ mọ́tò lẹ́yìn wa, tí ẹ́ńjìnnì gbéra.

N kò rí nǹkan kan. Ojú ń ta mí, mo ń fi apá nù ún, ó ń burú sí i. Etí nìkan ni mo fi bá a lọ. Mo gbọ́ ọ ní kọ́nà àkọ́kọ́, ó mọ́. Mo gbọ́ ọ tó ń súnmọ́ kọ́nà ńlá, mo sì pariwo "Gogoro!" láìmọ̀. Mo gbọ́ búréèkì tó mú, mo gbọ́ jíà tó sọ̀ kalẹ̀, mo gbọ́ táyà tó di ilẹ̀ mú lápá inú. Ẹ́ńjìnnì tún kọ, ó ń lọ. Omijé mi bẹ̀rẹ̀ sí í dà, n kò mọ èyí tó jẹ́ ti òróró àti èyí tó jẹ́ tèmi.

Mojí kọ́ ló yá jù. Ṣùgbọ́n nígbà tó jáde, ó sọ fún ọ̀gá ọmọ Ghana pé táyà ẹ̀yìn lápá òsì ń pàdánù afẹ́fẹ́. Wọ́n wọ̀n ọ́n, òótọ́ ni. Nínú gbogbo àwọn tó ti wà á, kò sí ẹni tó sọ ọ́. Ọkùnrin náà wo mọ́tò rẹ̀ tó padà dé lódindi, ó wo Mojí, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ti rí iṣẹ́.

Mojí sáré wá bá mi. Ó fẹ́ dì mọ́ mi, ó dúró lójijì. "Grandpa, wetin pour you?"

Kí n tó dáhùn, Ṣadé ti ń jó. Ó na ọwọ́ sí orí mi tó ń dán nínú oòrùn, ó ń pe àwọn èèyàn wá wò ó. "Ẹ rí i? Ẹ ò rí i bí òróró yẹn ṣe ṣiṣẹ́?"

Mo la ẹnu. Mo fẹ́ ṣàlàyé táyà, mo fẹ́ ṣàlàyé ẹsẹ̀ lásán, mo fẹ́ ṣàlàyé gbogbo ọdún tí ọmọ náà fi fọ irin. Mo kàn fi fìlà nu ojú mi.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ di awakọ̀ ìje, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú nọ́ọ̀tì. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ rin ọ̀nà. Ẹ gbé mọ́tò olówó délé. Kí ẹ sì wá àgbà apárí kan mọ́ra, nítorí àwọn ìyá yín ń bọ̀. Ìje àkọ́kọ́ Mojí kò ní pẹ́ mọ́, Ṣadé sì ti ra ìgò tó tóbi ju ti ọjọ́ yẹn lọ. Ó ní kí n má ṣe dé fìlà wá.